Ta ló ta erin Lọ́ńdọ̀nù?

Níbi ìkómọjáde kan ní Peckham lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèèṣì sọ pé mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Regent's Park. Ẹ̀gbọ́n wa kan gbé ife sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Wọ́n ti ta gbogbo ẹranko gidi. Owó tán lọ́wọ́ wọn. Súù tí ò lérin, súù wo nìyẹn?" Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì ń mi orí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa gbọ́ ọ lọ́dún yìí nìkan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì lè dárúkọ ẹni tó rà wọ́n fún mi.

Kò sẹ́ni tó ta erin. Ní 2001 ni wọ́n kó àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀, Mya, Layang-Layang àti Dilberta, lọ sí Whipsnade, ọgbà ẹranko mìíràn. Ẹgbẹ́ tó ni ti Regent's Park náà ló ni Whipsnade. Àpò kan náà ni. Gbogbo ilẹ̀ ti Regent's Park, éékà 36 péré ni, kìnnìún, àgùnfọn, ọ̀bọ, ilé oúnjẹ àti ilé ìyàgbẹ́ ló sì jọ ń du àyè níbẹ̀. Ti Whipsnade, éékà 600. Ilé tí wọ́n kọ́ fún erin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965, kọnkéré gìrìwò ni. Kí erin máa gbé irú ibẹ̀, àfi bí ẹni so màlúù mọ́ bálíkónì.

Mo ti dé Whipsnade fúnra mi. Erin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ó ń fi ọwọ́jà bu eruku dà sẹ́yìn ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sá sábẹ́ ikùn rẹ̀. Wọ́n ṣì bímọ níbẹ̀ ní 2022. Ṣé báyìí ni ọjà tí wọ́n ti tà ṣe ń bímọ?

Ó dáa, owó wọn tán lóòótọ́ nígbà kan. Ní 1991, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ti ọgbà Regent's Park pa. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí owó tán gan-an, erin wà níbẹ̀! Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kó wọn kúrò. Erin pa òṣìṣẹ́ kan ní October 2001, mi ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyẹn ò mú kí ìrìn náà yá. Owó kọ́ nìyẹn náà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti pẹ́ńgúìnì. Ẹ bá mi dúró níwájú odò àtọwọ́dá funfun tí ayàwòrán ilé kan, Lubetkin, yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1934. Àtẹ̀gùn méjì tí ò ní ìgbésẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí ẹni di irun kọ̀lẹ́sẹ̀. Ó rẹwà. Àwọn ayàwòrán ilé ń wá láti òkèèrè wá wò ó. Àwọn pẹ́ńgúìnì tó ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́? Kọnkéré ń dá egbò sí wọn látẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀. Ní 2004 ni wọ́n kó wọn jáde, wọn ò sì dá wọn padà mọ́. Òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wó ilé náà, nítorí náà ó ṣófo síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ, ọkùnrin kan dúró tì mí, ó wò ó, ó pòṣé: "Pẹ́ńgúìnì lásán, wọn ò lè bọ́." Mo ní kó tẹ̀lé mi. A rìn díẹ̀, a dé etí òkun kékeré tí wọ́n ṣe fún wọn ní 2011, òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn, wọ́n ń ja ẹja mọ́ ara wọn lọ́wọ́, omi ta sí bàtà rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé, wọ́n kó wa láti iléèwé lọ wo kìnnìún kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú irin, ibi tó ń tẹ̀ ti dán bíi dígí. Gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Ṣé "ẹranko gidi" tí ẹ̀gbọ́n ń wí nìyẹn?

Ilé ẹyẹ ńlá ti 1965 ní Regent's Park, tí wọ́n tún ń sọ pé ó ti kú, ẹdun ló wà níbẹ̀ láti 2022. Ẹdun, ẹ̀yin èèyàn mi! Èyí tí à ń fi ki ìbejì. Ọ̀kan gba orí wa fò kọjá, ìrù rẹ̀ funfun ń jù fìrìfìrì. Táyé di ọwọ́ mi mú, Kẹ́hìndé ń pariwo, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n, "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn," tí àwọn òyìnbó fi yíjú wò mí.