Èsì wa sí àǹtí wa tó ní ẹja wa ká bí ejò nínú páànù

Ẹ kú ilé o, àǹtí wa. Ẹ kú ìrìn ẹja pípa tí a mú yín lọ ní òkè Skọ́tlándì lọ́jọ́ Sátidé yẹn náà, ẹ bá wa kí màmá àti àwọn ọmọ. A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, a sì rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ẹ ní ẹja trout tí a dín fún yín létí adágún ká kò bí ejò bó ṣe dé inú páànù, pé èyí fi hàn pé ẹja tó ti pẹ́ ni, pé ilé ni a ti gbé e wá. Ẹ ní ó kéré, kò tó èyí tí ẹ ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Glasgow. Ẹ ní kò ní ata, kò ní Maggi. Ẹ ní kantíkantí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ màmá tán. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ kantíkantí. Láti ìparí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹsàn-án, àwọn ló ni òkè Skọ́tlándì, àfi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, torí wọn kì í lè fò nínú rẹ̀. Mo wo ojú ọjọ́ láàárọ̀, wọ́n ní atẹ́gùn máa wà títí alẹ́, mo gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tó fi máa di agogo méje, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, omi ń dán bíi dígí, ni wọ́n bá yọ sí wa. Ẹ̀yin márùn-ún, àwọ̀n ìborí mẹ́ta ni mo gbé dání. Àwọn ọmọ gba méjì, ẹ gba ọ̀kan, màmá wá ń fi ìborùn gbá ojú bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí ẹran lọ́jà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti dá owó ti màmá, £40, padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọ̀n mẹ́wàá ló wà nínú bùtù mọ́tò mi báyìí.

Ẹ tún béèrè pé kí ló dé tí mo gbé iná jìnnà sí ibi tí ẹ tẹ́ ẹní sí, nígbà tí èéfín ìbá ti bá yín lé kantíkantí. Ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí ẹ jókòó sí yẹn, koríko àti ewéko tó ti ń jẹrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló di bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ń jó. Tí iná bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó lè máa rìn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó yọ síbòmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáná sórí òkúta wẹẹrẹ etí omi, nínú agbada irin. Ìyẹn ò ní yí padà. Ẹní ló yẹ kí n gbé tọ iná lọ, n kò ro ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ẹja tó ká yẹn, àǹtí mi, n kò gbà.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fa ẹja àkọ́kọ́ jáde. Ọmọ yín ọkùnrin ni mo na igi sí kó fi gbá a lórí, ó ní òun ò lè ṣe é, ẹ gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Láàárín ìgbà yẹn sí ìgbà tó wọ páànù, kò pé ogún ìṣẹ́jú. Ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, agbára ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Tí awọ rẹ̀ bá kan irin gbígbóná, awọ á sún kì, iṣan á fà, orí àti ìrù á gbéra sókè. Èyí tó ti sùn mọ́jú sórí yìnyín, agbára yẹn ti lọ lára rẹ̀, kì í sábà ká tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ilé ni mo ti gbé e wá lóòótọ́, ẹ ò ní rí i kó ká tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ fi mú mi gan-an ló ń jẹ́rìí fún mi.

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo la inú rẹ̀ láti ihò ìdí dé abẹ́ àgbọ̀n, mo pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá wo ohun tó jẹ kẹ́yìn: ìgbín omi kéékèèké tí kò ju ẹ̀wà lọ, àti eṣinṣin dúdú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé. Ọmọ yín obìnrin fi ọwọ́ kan án, ó sì sá. Mo fi èékánná àtàǹpàkò họ ẹ̀jẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kúrò, torí ó máa ń korò, a sì fi omi adágún yẹn náà ṣàn án. A ò họ ìpẹ́, ìpẹ́ trout kéré débi pé kò sẹ́ni tó ń mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́. Ṣé èmi náà ni mo lọ ki eṣinṣin sí i níkùn?

Ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí mi sí, àwọn ìyá tó ń yan àrọ̀ máa ń ká a rìbìtì, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún ìrù rẹ̀ mọ́ orí kó tó dé orí ààrò. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ejò lọ́jà. Àwọn ìyá ló ń ká àrọ̀, trout ń ká ara rẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kí n sín gbẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i ní ìhà kọ̀ọ̀kan kó tó wọ òróró. Gbẹ́rẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí awọ rí ibi fà. Kantíkantí ló gbà mí lọ́kàn.

Ti pé ó kéré: ẹja súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ̀yà mìíràn ni, ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Inú ọgbà ẹja ni wọ́n ti ń sìn ín, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un lójoojúmọ́, àwọ̀ tó fi ń pupa náà wà nínú oúnjẹ yẹn. Onílé ni trout tiwa, aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní tótòtó pupa àti dúdú lára, omi tó sì ń gbé kò fi bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ. Èyí tó gùn tó ọwọ́ yín láti ìka dé ọrùn ọwọ́ lè ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹja méjì lórí ọ̀pá ìwọ̀ kan ni ìwé àṣẹ wa sọ, ẹ sì pa méjì yín. Àwọn tí a dá padà ló máa yé ẹyin nígbà òtútù.

Ata wà. Inú kúlà ló wà, ata rodo tí ìyàwó mi gún fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ títí ẹ ó fi jẹ ẹja àkọ́kọ́ tán ni. Iyọ̀ nìkan ni mo ń fi sí i, màá yí i nínú oat tí wọ́n lọ̀ bíi gààrí, màá dín in nínú bọ́tà. Àwọn ará Skọ́tlándì máa ń lo ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, a kì í lò ó nítorí àwọn oníbàárà wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Mo fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ bí ẹja yẹn ṣe ń ta lẹ́nu kí ata tó dé. Màmá mọ̀ ọ́n. Wọ́n di ìrù rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, gbogbo egungun tẹ̀ lé e jáde pẹ̀lú orí bí òòyà. Wọ́n fá ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n wá ní ṣé ó ku òmíràn. Ata kò tíì jáde nígbà náà o, àǹtí wa, ẹ ò kọ ìyẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ata lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde, ìyẹn kò dára. Láti ìsinsìnyí, orí ẹní ni ata máa wà, kí oníkálukú bu tirẹ̀.

Tí ẹ bá tún fẹ́ wá, 15 oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣí omi, 6 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń tì í. Ẹ wá ní oṣù kẹrin. Òtútù á mú yín, àmọ́ ẹ ò ní rí kantíkantí kan.

Ìborùn màmá wà lọ́wọ́ mi o, èyí aláwọ̀ ewé. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sórí òkúta. Ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń rùn èéfín. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.