Ẹ jẹ́ ká gba ìwé Yorùbá lọ́wọ́ ìdánwò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọdún ti ń lọ sópin, gbogbo wa tá a jọ wà nínú ìpèníjà ìwé kíkà sì ti ń to orúkọ ìwé tá a kà síta. Mo wo ti àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Iléṣà níbí àti ní Ifẹ̀. Ìwé gidi ló kún ibẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí: ìwé Yorùbá ò sí nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí mo bá sì béèrè, èsì kan náà ni mò ń gbọ́: "A ti ka ìyẹn fún WAEC."

Ohun tá a kà fún WAEC, ṣé a kà á lóòótọ́? A wá ọnà èdè inú rẹ̀, a há orúkọ ẹ̀dá ìtàn sórí, a lọ dà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mélòó ló mọ ohun tí owó oṣù tí kò tó ná ń fojú onílé rí?

Lọ́dún yìí, bí mo bá ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, ti Yorùbá ló ń tẹ̀ lé e. Rẹ́rẹ́ Rún, eré oníṣe tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1973, ló mú mi lọ́kàn jù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ni mo ti ra tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé náà káàkiri: "àfiwé tààrà", "àsọdùn", "òwe". Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú mọ́ Láwúwo lọ́wọ́, olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jà fún àfikún owó, títí orí rẹ̀ fi dàrú, etí ìwé mọ́ fo. Olùkọ́ ò ní kí wọ́n wá nǹkan kan níbẹ̀. Èmi tí mo ti dúró de owó oṣù tí kò dé rí, tí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń fa ẹnì kan yọ láàárín òṣìṣẹ́ kí ohùn wọn má bàa ṣọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀, tí mo mí kanlẹ̀. Ìwé àgbàlagbà nìyẹn.

Òkédìjí kan náà ló kọ Àjà Ló Lẹrù, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ní 1969. Bí Lápàdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn, mi ò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974) ńkọ́? Torí pé a ti wo fíìmù Túndé Kèlání, a rò pé a ti kà á. Nígbà tí mo wà léwe, Àjàní, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá ìyàwó nínú ìtàn náà, ni mo káàánú. Ní báyìí tí mo ti lọ́mọbìnrin, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ sọ́nà, ni mò ń káàánú. Fásitì Ifẹ̀ ni Ìṣọ̀lá ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, nítòsí wa níbí!

Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, tó jáde ní 2017, ló wọ̀ mí lára jù. Iléṣà yìí ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Yéjídé, onídìrí, ń wá ọmọ, wọ́n sì mú ìyàwó mìíràn wọlé bá a. Gẹ̀ẹ́sì ni Moomi, ìyá ọkọ rẹ̀, ń sọ lójú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ìyá àdúgbò wa ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi ìtàn Olúrónbí, orin rẹ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó ìwé Yorùbá ti ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan mọ́. Ẹ gbé e síbi tí àgbàlagbà ti ń ra ìwé ìtàn.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ kà á, kó fi orúkọ sílẹ̀ níbí. Orí kan lọ́sẹ̀, a ó sì máa kà á sókè.