Èsì wa fún kọ́sítọ́mà tó fún ìwé ìfẹ́ Skọ́tlándì ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ ṣé mà, a dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa.

Àmọ́ mi ò lè dákẹ́ lórí ohun tẹ́ ẹ kọ síbí o, torí àwọn ẹlòmíì tó fẹ́ ra ìwé yìí máa kà á, wọ́n á sì rò pé jìbìtì là ń lù. Ẹ ní ìwé pẹ́ kó tó dé, ẹ ní èèpo ẹ̀ ká, ẹ ní ọkùnrin tó wọ kilt, aṣọ bíi yẹ̀rì táwọn ọkùnrin òkè Skọ́tlándì máa ń wọ̀, ló wà lára èèpo àmọ́ kò sẹ́ni tó wọ kilt nínú ìtàn, ẹ tún wá ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé ọkùnrin tí ìjọba fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sókè òkun ò lè ṣàdédé padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án wá máa pe obìnrin tí ò bá dé ṣọ́ọ̀ṣì ní ìyàwó ẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú tí póòsì kúrò ńbẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta lẹ sanwó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ 4, ọmọ tó ń bá mi di ẹrù ní Glasgow níbí ti fi páálí sí i níwájú àti lẹ́yìn, ó ya fọ́tò ẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lọ sí póòsì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, rísíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 9 ló dé ọ̀dọ̀ yín ní London, Sátidé àti Sọ́ńdè sì wà láàárín. Ọmọ yẹn ti ń bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ìgbà tó ka ibi tẹ́ ẹ ti ní “ẹni tó di ẹrù yìí ò mọṣẹ́”, ńṣe ló jókòó sórí páálí tó ń sunkún. Tí igun ìwé bá ká, ojú ọ̀nà ló ti ká.

Ọ̀rọ̀ kilt yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ọdún 1756 ni wọ́n fi ìtàn yẹn sí. Ní April 16, 1746, wọ́n fọ́ àwọn ọmọ ogun Prince Charles Edward Stuart, ẹni tó fẹ́ gba adé Ìlú Ọba padà fún bàbá ẹ̀, túútúú ní Culloden ní Skọ́tlándì, kò tó wákàtí kan tó fi parí, èèyàn tó kú nínú tiwọn lé ní ẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ni ìjọba London ṣòfin, nígbà tó fi máa di August 1747, ọkùnrin tàbí ọmọkùnrin yòówù tí kì í ṣe sójà ọba tó bá wọ aṣọ àwọn ará òkè Skọ́tlándì, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tó bá tún un ṣe, ọdún méje lókè òkun. 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ẹ wá fẹ́ kí ọkùnrin tó ń yọ́ wọ̀lú bọ̀ wọ kilt gba àárín ọjà kọjá? Ṣòkòtò ló máa wọ̀! Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn ni ibi tí obìnrin yẹn ti kó òwú àgùntàn kúrò nínú àpótí, tó fa aṣọ àtijọ́ ọkùnrin náà yọ nísàlẹ̀ pátápátá, kòkòrò ti jẹ etí ẹ̀, ọkùnrin yẹn kàn fọwọ́ pa á lára, ó ká a padà. Wọn ò tíì bára wọn sọ gbólóhùn kan tó dáa nígbà yẹn o. Fọ́tò èèpo, àwọn tó tẹ ìwé ló yàn án, kì í ṣe èmi.

Ti ìgbéyàwó, òfin Skọ́tlándì ayé ìgbà yẹn ò béèrè pásítọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin á sọ ọ́ fúnra wọn pé àwọn ti di tọkọtaya, ó ti mú wọn nìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di 1940. Torí ẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ England ṣe ń sá lọ sí Gretna Green, abúlé Skọ́tlándì tó wà létí ibodè England, lẹ́yìn tí òfin tiwọn le ní 1754. Nítorí náà ìyàwó ẹ̀ ni. Ohun tó ń jà wọ́n gan-an nìyẹn, pé obìnrin yẹn ò lómìnira láti fẹ́ ẹlòmíì, kò sì mọ̀ bóyá òun ti di opó.

Ti pé kò lè padà wá ńkọ́? Ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Veteran, ó gbéra ní Liverpool ní 1747, nǹkan bí 150 ẹlẹ́wọ̀n ogun yẹn ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń kó wọn lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Caribbean. Ọkọ̀ Faransé kan dá wọn lọ́nà, ó kó wọn lọ sí Martinique, erékùṣù àwọn Faransé, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́! Ogun ṣì ń lọ láàárín Faransé àti Ìlú Ọba nígbà yẹn, lẹ́tà wo ni ọkùnrin inú ìwé yẹn fẹ́ kọ sílé?

Mo ti dé Culloden rí mà. Mo ti dúró nídìí àwọn òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé sí lára, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ní 1881, òjò ń pa mí, ẹnìkan ti gbé òdòdó tútù sídìí ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ ò ní sọ pé irọ́ ni obìnrin kan retí ọkọ ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Torí igun tó ká, mo máa dá ìlàjì owó yín padà, ẹ mú ìwé náà dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbogbo owó, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ padà, owó póòsì lọ́wọ́ yín, inú páálí tá a fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ dì í sí o.

Àmọ́ mo tún wo fọ́tò kejì tẹ́ ẹ gbé síbí dáadáa. Káàdì tí ọmọ yẹn fọwọ́ kọ “Ẹ ṣeun mà” sí ló wà láàárín ìwé, orí 8 ló wà. Orí 17 ni ọkùnrin yẹn ti ṣàlàyé bó ṣe padà wálé.