Orúnkún tó fọ́ kọjá ohun tí wọ́n ń fi pákó dè

Ẹ ṣeun gan-an fún ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde nípa àwọn tí ọ̀kadà ń fọ́ lórúnkún, tí wọ́n sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi pákó to eegun. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun o, àmọ́ tí orí eegun ojúgun bá ti fọ́ nínú oríkèé orúnkún, tó sì rì wọlé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dè é tó máa padà tẹ́jú, dókítà ló máa là á, á gbé e sókè, á fi irin àti skúrù mú un, á tún wò ó bóyá àwọn iṣan tó di orúnkún mú ti já, torí tí wọ́n bá fojú fo ìyẹn, eegun á jiná tán, orúnkún á ṣì máa yẹ̀ téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹsẹ̀ bá wú tó le gbagidi, tí ìka ẹ̀ ń tutù, ẹ tú ohun tí wọ́n fi dè é kíákíá, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ ọsibítù eegun tó wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó, tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè kọjá mọ́!