"Mi Ò Ní Ohun Tí Mò Ń Pamọ́": Ọ̀rọ̀ Tó Ti Sú Mi

Lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n kan rí i pé mò ń yọ àṣẹ àtiwo nọ́ńbà inú fóònù mi kúrò lọ́wọ́ àwọn áàpù orí rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kí lò ń sá fún? Ẹni tí kò jalè, tí kò jẹ gbèsè, tí kò yan àlè, ta ni yóò máa dọdẹ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní òótọ́ ni. Mo dákẹ́, torí abẹ ti wà lẹ́yìn ọrùn mi. Mo ti délé báyìí.

Ní ọdún 2021, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ rí wọlé, obìnrin kan sì pàṣẹ pé kí n sọ fún "olè tí o dúró fún" kó wá san owó àwọn. Olè wo? Ó dárúkọ ọkùnrin tó máa ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti pè é rí láyé mi! Ó yá 15,000 náírà lórí áàpù kan, ọjọ́ mẹ́rin sì ti kọjá lórí ọjọ́ tó yẹ kó dá a padà. Kó tó di ọ̀sán, àwòrán rẹ̀ ti dé orí WhatsApp mi, wọ́n kọ OLÈ gàdàgbà sí i níwájú orí, wọ́n ní èmi ni onídùúró rẹ̀. Mo blọ́ọ̀kù nọ́ńbà yẹn, wọ́n fi òmíràn pè. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni mo kà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé "ṣáà blọ́ọ̀kù wọn." Wọ́n pe ìyá mi náà ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Gbági, ìyá mi tí kì í ra ata ní àwìn. Ó bi mí bóyá ọlọ́pàá ń bọ̀ wá kó òun.

Kí ni ìyá mi ń pamọ́? Ohun tó dá a lẹ́bi kò ju pé nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ẹlòmíràn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó ń wá owó yóò gbé áàpù sórí fóònù, áàpù yóò tọrọ àyè láti wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, òun náà yóò tẹ "Allow" láìkà á, gbogbo rẹ̀ yóò sì ṣí lọ sórí kọ̀ǹpútà ayánilówó. Òun nìkan ló tẹ̀ ẹ́. Àwa yòókù, ta ló bi wá? Kì í tún ṣe nọ́ńbà lásán ni wọ́n kó. Ẹ wo bí ẹ ṣe fi orúkọ pa mọ́ sínú fóònù yín: "Pásítọ̀", "Ọ̀gá Ọ́fíìsì", "Ìyá Ìyàwó Mi". Ẹ ti bá wọn to orúkọ àwọn tí ojú yóò tì yín jù lọ níwájú wọn.

Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé Soko Lending, ilé-iṣẹ́ tí kò kan tèmi yìí, nítorí pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó, àwọn tí kò bá wọn ṣàdéhùn kankan. Ní oṣù Kẹta 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google fòfin de kí áàpù ayánilówó máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù. Ṣé nítorí àwọn tó ń yan àlè ni Google ṣe ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà, ẹ dán an wò kí ẹ ka àwọn ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Yóò bínú, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àmọ́ lórí WhatsApp rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró nínú aṣọ ilé-ìwé tí orúkọ ilé-ìwé hàn lára rẹ̀, ẹnu géètì ilé wà lẹ́yìn wọn. Ìsọfúnni wa sì ti di ọjà: ní oṣù Kẹfà 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pariwo síta pé wọ́n ń ta NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti jò. Ibi yòówù kó ti jò, 100 náírà kò ra búrẹ́dì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé kí onígbèsè san gbèsè rẹ̀, kó san án. Ṣé gbèsè ìyá mi ni?

Mo gbà, àṣẹ tí mò ń yọ kò lè dá ohun tí wọ́n ti kó lọ padà, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí fóònù ẹlòmíràn. Síbẹ̀ mo ń yọ ọ́, torí nọ́ńbà tiyín wà nínú tèmi. Ẹni tí wọ́n bá sì ti dójú tì báyìí, kó tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó má pa á rẹ́ nítorí ìbínú, kó kó o lọ bá FCCPC. Òfin ààbò ìsọfúnni ti wà láti 2023.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n yẹn ní iṣẹ́ kan wà tí òun fẹ́ bá mi sọ, kí n fún òun ní nọ́ńbà mi. Ó dàgbà jù mí lọ. Mo fún un.