Àtúnṣe lórí ipò Gilo ní Jerúsálẹ́mù

Ọ̀rọ̀ tí a kọ síta pé àdúgbò kan lásán láàárín ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni Gilo, tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí, kò pé. Òótọ́ ni pé ìjọba ìlú Jerúsálẹ́mù ló ń ṣàkóso ibẹ̀, Ísírẹ́lì sì kà á sí ara olú-ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òdìkejì ààlà ìdáwọ́-ogun-dúró ti ọdún 1949, èyí tí ó pín Ísírẹ́lì níyà sí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Jọ́dánì, ni ó wà, lórí ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì gbà lọ́wọ́ Jọ́dánì nínú ogun oṣù Kẹfà ọdún 1967, tí ó sì fi kún ìlú náà lóṣù kan náà. (Ìhà gúúsù ìlú ni Gilo wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlà-Oòrùn Jerúsálẹ́mù ni wọ́n máa ń kà á mọ́; èyí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà.) Nígbà tí Ísírẹ́lì ṣòfin lọ́dún 1980 pé gbogbo Jerúsálẹ́mù ni olú-ìlú òun, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde nínú ìpinnu 478 pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìjọba fi ka Gilo sí ibùdó tí a tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí a fi ogun gbà. Àwọn tó sọ pé àwọn Júù ti ra apá kan ilẹ̀ náà ṣáájú ọdún 1948 kò parọ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ní ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí orílẹ̀-èdè ní àṣẹ lórí rẹ̀.