Ta ló ní ìjà ni àgbàlagbà ń wá lọ sí kàrátè?

Ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun kàrátè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí aṣọ náà lórí okùn tí mo sá a sí, ó ní, "Ta lo fẹ́ lọ bá jà?" Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní tirẹ̀ ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé ẹni tí kò bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Ọdún keje rèé tí mo ti ń lọ, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo ṣì ń gbọ́. Tí ẹ bá sì wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn èèyàn gbà pé ohun ìjà ni kàrátè, pé èèyàn á lọ gbà á, á gbé e wálé, á máa dúró de ọjọ́ tí yóò lò ó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ẹni àádọ́ta ọdún ń wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ni kàrátè fúnra wọn.

Fíìmù ló kó wa síbẹ̀. Àwa tí a dàgbà nídìí fídíò mọ̀ ọ́n: wọ́n á pa bàbá ọmọ kan, ọmọ náà á gun orí òkè lọ bá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, á kọ́ṣẹ́, á padà wá gbẹ̀san. Bruce Lee ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí bí a bá gbọ́ kàrátè, bẹ́ẹ̀ kung fu àwọn ará Ṣáínà ni Bruce Lee kọ́ ní Hong Kong, inú ẹ̀ ló sì ti gbé Jeet Kune Do tirẹ̀ jáde.

Erékùṣù Okinawa, tó wà lábẹ́ Japan lónìí, ni kàrátè ti wá. Kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé, kò sí bẹ́líìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi, kò sí ọmọdé tó tò lọ rẹrẹ tó ń pariwo. Inú àgbàlá ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lóru lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ péré. Ọ̀gá kàrátè kan níbẹ̀, Itosu Anko, ló mú un wọ ilé ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà, tó gé àwọn kata gígùn, ìyẹn àwọn ìṣísẹ̀ tí wọ́n tò tẹ̀ léra tí èèyàn ń dá ṣe, kúrú kí ọmọ ilé ìwé lè rí i kọ́. Ìyẹn ni pé kíláàsì ọmọdé gan-an ló dé kẹ́yìn. Ní 1908, Itosu kọ lẹ́tà kan tó fi ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún ìjọba. Ó ní kò ṣeé kọ́ kíákíá, pé bíi màlúù tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló rí, tó sì ń dé ibi tó jìnnà réré. Ó tún ní ẹ̀mí àwọn tó ń ṣe é máa ń gùn. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá ìjà nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ni Funakoshi Gichin, olùkọ́ ilé ìwé. Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ le ni, kàrátè ló bá a tún un ṣe. Ọdún 1922 ló gbéra láti Okinawa lọ fi kàrátè han àwọn ará Tokyo, ọmọ ọdún 53 ni nígbà yẹn. Kò padà sílé. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Okinawa ló ń gbé, ó ń gbá ilẹ̀ àgbàlá, ó ń ṣọ́ ilé, kó tó di pé akẹ́kọ̀ọ́ kàrátè bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ronú ìfẹ̀yìntì, ìgbálẹ̀ ló dì mú nílùú onílùú. Àwọn ìlànà rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kà ní dojo, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ kàrátè, káàkiri ayé sọ pé nínú kàrátè, a kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Òmíràn sọ pé títí ọjọ́ ayé ẹni ni a fi ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ gbọ̀ngàn tiwa n'Ìbàdàn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ti sún bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ lásán la fi wà lórí sìmẹ́ńtì. Kata àkọ́kọ́, Heian Shodan, ìṣísẹ̀ 21 ni. O yí sí òsì, ẹ̀ṣẹ́ òsì wá sí ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún, o gbá a wálẹ̀ títí yóò fi dúró lókè orúnkún, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún fà padà sí ìbàdí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ìyẹn kí èjìká mi tó dẹ́kun gbígbéra sókè. Bí sensei, olùkọ́ wa, bá ń ka ichi, ni, san, ìyẹn ení, èjì, ẹ̀ta lédè Japan, tí ọkàn rẹ bá ṣáko lọ sídìí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, o ò ní dé ìlàjì tí wàá fi yà síbi tí kò yẹ. Láàárín wákàtí kan ààbọ̀ yẹn, nǹkan ẹyọ kan péré ló wà níwájú mi. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo ti ń rí irú ẹ̀.

Sensei wa kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún 63. Bí wọ́n bá wọlé, wọ́n á tẹ orí ba fún un, òun náà á tẹ orí ba fún wọn. Bó bá fẹ́ tún ẹsẹ̀ wọn ṣe, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tẹ orúnkún iwájú díẹ̀ sí i." Màmá á ní, "Ó ti yé mi, Sensei." Lóde, ta ló jẹ́ tún ẹsẹ̀ ìyá ọlọ́mọ ṣe? Wọ́n sọ fún mi pé nílé, àwọn ni gbogbo èèyàn ń bi léèrè ọ̀rọ̀, ibí nìkan ni ẹnikẹ́ni ti ń kọ́ àwọn ní nǹkan. Èmi gbà pé ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ wa padà wá nìyẹn. Ó pẹ́ tí àgbàlagbà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ̀yìn, ara rẹ̀ sì ń pòǹgbẹ ẹ̀.

Àwọn tó ń wá ìjà máa ń wá lóòótọ́, pàápàá àwọn tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́nà. Mi ò bá wọn wí, ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí sensei máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá yọ ìbọn, kí wọ́n gbé fóònù fún un. Lọ́dọ̀ wa, irú wọn kì í pé oṣù mẹ́ta.

Bẹ́líìtì dúdú ńkọ́? Wọ́n ní òun ni òpin ìrìn. Ọ̀dọ̀ júdò ni kàrátè ti yá ètò yẹn, lọ́wọ́ Kano Jigoro tó dá júdò sílẹ̀. Orúkọ ìpele bẹ́líìtì dúdú àkọ́kọ́ ni shodan, "sho" yẹn sì túmọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ABD ni, ó kù kó kàwé.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò ní dun ara. Orúnkún ẹni 45 kì í ṣe ti ọmọ 15. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nígbà tí kàrátè dé ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 2021, Sandra Sánchez ará Spéènì tó gba wúrà kata àwọn obìnrin, ọmọ ọdún 39 ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ kí a tó parí. A kó ẹrù wa, a ń lọ. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Màmá nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, wọ́n gbé fóònù sórí bẹ́ǹṣì kó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe. Mo ní, "Màmá, ilẹ̀ ti ṣú o." Wọ́n ní kí n máa lọ, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn àwọn ṣì ń gbéra nílẹ̀.